Ìwé Tí Ọ̀rẹ́ Méjì Jọ Kà

Ọkùnrin kan wà ní Ìkirè tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ olùkọ́. Lọ́jọ́ kan tó ń tú àpótí, ó rí ìwé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ kà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Aṣálẹ̀ ilẹ̀ Ọsirélíà ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, níbi tí iyanrìn ti pupa, tí oko àgùntàn kan sì jìnnà sí èkejì ní ìrìn ọjọ́ kan gbáko. Wọ́n pa ẹnì kan lóko, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sì ń fi sùúrù wo ipasẹ̀ nínú iyanrìn. Abẹ́ igi kajú ni àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì ti máa ń kà á. Bí ohùn ọ̀kan bá há, èkejì á gbà á. Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń kà á, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ó kan ojú ìwé kan tí òun fúnra rẹ̀ ti fi pẹ́ńsù kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ alásè oko náà: "Òun ló pa á. Kì í sọ̀rọ̀." Bẹ́ẹ̀ alásè kọ́ ló pa á. Ẹni jẹ́ẹ́jẹ́ ni.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí òun àti ọ̀rẹ́ náà ti bára wọn sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ẹnì kan ló kọ lẹ́tà tí kò lórúkọ láti fẹ̀sùn kan ọkùnrin náà, wọ́n sì torí lẹ́tà yẹn gba ipò ọ̀gá ilé-ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fura sí, nítorí pé ọ̀rẹ́ náà dákẹ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Kò bi í léèrè rí. Nígbà tó wá rò ó dáadáa, kò rí ẹ̀rí mìíràn.

Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ẹdẹ. Ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú rẹ̀ ti fọ́.

"Láṣebìkan, èmi ni."

"Mo mọ ohùn rẹ. Jókòó."

"Kí ló dé tí o dákẹ́ lọ́sẹ̀ tí lẹ́tà yẹn jáde?"

Láṣebìkan dáhùn pé, "Ọ̀sẹ̀ yẹn ni dókítà sọ fún mi pé ojú mi máa fọ́. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má baà dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ìwọ nìkan ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún, o ò sì wá sílé mi mọ́."

Ọkùnrin náà sunkún. Láti ọjọ́ náà, ó ń lọ kàwé fún un ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Oṣù mẹ́jọ péré ni wọ́n rí lò, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kú.

Ìwọ náà wá bá mi nítorí àbúrò rẹ. O ní bó ṣe dákẹ́ ló jẹ́ kí o mọ̀ pé ó dà ọ́. Má tíì pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Lọ bi í lónìí, kí o sì jókòó tì í títí yóò fi dáhùn.