Òjò Orí Ìwé

Wọ́n ní kí èèyàn má torí òjò tó ṣú da omi inú àmù nù. Láoyè mọ òwe yìí dáadáa. Òun gan-an ló máa ń fi bá ará ilé rẹ̀ wí.

Àyọ̀ká ọmọ rẹ̀ kò lè sọ̀rọ̀ láti kékeré. Aṣọ ló ń hun kó tó lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ n'Íbàdàn. Lọ́jọ́ kan, awakọ̀ kan mú ìwé rẹ̀ wá. Kò sí nǹkan nínú rẹ̀ àfi òrùlé ìlú tó fi pẹ́ńsùlù yà, àti ìkùukùu dúdú tó bò wọ́n.

Láoyè gbé e tọ Bàbá Akínlàbí lọ, àgbà tó mọ àrokò tú jù lábúlé.

"Òjò nìyí," ni bàbá wí. "Ire ń rọ̀ lé ọmọ rẹ lórí. Kò tún ní jókòó sídìí òfì mọ́."

Ni Láoyè bá la òfì ọmọ rẹ̀ wẹ́wẹ́, ó fi igi rẹ̀ se ìrẹsì fún àdúgbò.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Àyọ̀ká wọlé lọ́wọ́ òfo. Ìdí òfì rẹ̀ ló gbà lọ tààrà. Ihò tí wọ́n ri òpó rẹ̀ sí nìkan ló bá. Lẹ́yìn náà ló gba ìwé náà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó ya iná sórí àwọn òrùlé náà, ó sì ya ẹ̀rọ ìránṣọ kan sáàárín iná.

Láoyè káwọ́ lérí.

"Òjò làwọn ẹlòmíì rí kí wọ́n tó da omi nù," ó ní. "Èéfín ni tèmi."