Àtàǹpàkò Ọmọ Sójà

Ọkùnrin kan wà, ó ń wá ìwé tó máa sọ ohun tí bàbá ìyá rẹ̀ ṣe lójú ogun. Ọ̀nà jíjìn ló gbà wá a. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, ọkọ mi. Mo kọ ọ́ sínú ìwé nítorí pé bí mo bá fẹnu sọ ọ́, ẹ ó já a gbà lẹ́nu mi kí n tó dé ìdajì.

Kìṣí ni ìyá ọkùnrin náà ń gbé. Òrí ló ń ṣe. Láti àárọ̀ dalẹ́ ó ń gún un, ó ń pò ó, ó ń sè é, títí àtàǹpàkò rẹ̀ fi dán bí òkúta inú odò.

Bàbá ìyá yìí lọ sí ogun Bọ́mà. Àwọn mẹ́rin ló lọ láti àdúgbò wọn. Mẹ́ta padà dé lọ́jọ́ kan náà, wọ́n ń kọrin, irin dídán wà ní àyà wọn. Òun kò sí nínú wọn. Ọ̀tọ̀ ni ibi tí wọ́n ti jà, ọ̀tọ̀ ni ibi tí òun ti jà, nítorí náà kò sí ẹni nínú wọn tó lè sọ ohun tó ṣe é. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà ló tó wọlé, òun nìkan, ó ń fi ọ̀pá tilẹ̀. Kò sí nǹkan kan ní àyà rẹ̀.

Wọ́n ní, "Ládèjọ, ibo lo wà láti ọjọ́ yìí?"

 Wọ́n bi í títí. Ó wọ yàrá lọ. Ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Asáfógun.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin. Ọmọ yìí ló ń bá a fọ ẹsẹ̀ tó bàjẹ́ náà láràárọ̀ pẹ̀lú omi gbígbóná àti òrí. Ìgbà tí omi bá kan egbò ni ọkùnrin yẹn máa ń sọ̀rọ̀, kì í sọ ọ́ nígbà mìíràn. Ohun tí kò sọ fún àgbàlagbà kankan, ọmọ ọdún mẹ́wàá ló sọ ọ́ fún. Ọmọ náà gbé ọ̀rọ̀ náà jáde síta. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bàbá wo ni kì í ṣe akọni létí ọmọ rẹ̀.

Bàbá kú. Orúkọ kò kú. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ lẹ́nu kànga, wọn a ní, "Ọmọ Asáfógun, máa sá lọ." Ó lọ́kọ, ó bá orúkọ náà nílé ọkọ. Ó darúgbó, orúkọ náà kò darúgbó. Lọ́jọ́ tí àwọn obìnrin tó ń ṣe òrí fẹ́ yan ìyá ẹgbẹ́, gbogbo wọn ló mọ̀ pé òun ni ipò náà yẹ. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Sàbítíù kàn sọ ọ́ bí ẹni ń ṣeré pé, "Ẹ ṣọ́ra o. Bí ọ̀rọ̀ bá le, ọmọ Asáfógun á sá fi ẹgbẹ́ sílẹ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n yan ẹlòmíràn.

Ìyá náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà níbẹ̀, ó rí i bí ó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Èyí ló dùn ún jù.

Ó ní òun á wá ìwé tó sọ irú sójà tí bàbá ìyá òun jẹ́, òun á kà á lójúde fún gbogbo ayé, létí ìyá òun. Létí ìyá òun, ló wí. Ire ló ń wá.

Akọ̀wé ìjọba ni, Ìbàdàn ló ń gbé. Ó ra fáìlì aláwọ̀ ewé kan. Ó lọ sí Èkó, ó lọ sí Kàdúná. Ó kọ lẹ́tà sí ìlú òyìnbó níbi tí wọ́n ń kó ìwé àwọn sójà àtijọ́ sí. Lórí gbogbo lẹ́tà náà, Ládèjọ Ọdẹ́wálé ló kọ. Ọdẹ́wálé ni orúkọ agbo ilé wọn. Orúkọ ńlá ni, ó sì fẹ́ kí àwọn òyìnbó rí i. Èsì dé: a kò rí i. Ó tún un kọ. A kò rí i.

Ó mú èsì náà wálé, ó ń kà á lábẹ́ igi níwájú ilé, ojú rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì. Ìyá rẹ̀ nu ọwọ́, ó wá bá a.

"Ọmọ mi, wọn ò lè rí i. Wọn ò pè é ní Ọdẹ́wálé lọ́hùn-ún. Orúkọ ìlú ni wọ́n fi ń pe sójà. Ládèjọ Kìṣí ni. Ó sọ ọ́ fún mi."

"Ìyá, nǹkan ìjọba ni. Ìjọba ò lè fi orúkọ ìlú sí ipò orúkọ bàbá èèyàn."

"Wọ́n fi sí i."

"Ẹ jẹ́ kí n jẹun ná, Ìyá."

Ó jẹun. Ọ̀rọ̀ náà kọjá.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tajà. Mo ti rí oníbàárà tó yí gbogbo ọjà po nínú oòrùn, tó wá padà ra nǹkan náà ní ìsọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ìsọ̀ tó kọ́kọ́ kọjá lára rẹ̀. Ẹsẹ̀ ló ro ó, ó ṣáà rí ọjà rà. Ti ọkùnrin yìí kò rí bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún kejì ìyá tún pè é. Ó ní, "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé Jìnádù tó jẹ́ sójà ṣì wà láàyè ní Ìgbòho. Òun àti bàbá mi ló jọ wà lójú ogun lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ bàbá mi bàjẹ́. Ó ti fọ́jú, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ṣì mú. Gbé mi lọ bá a. Bí ó bá lè sọ ọ́ níwájú èèyàn mẹ́ta péré, ó tó mi."

Ọmọ náà rọra rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ọ̀rọ̀ ẹnu ò ní òǹtẹ̀. Ìwé làwọn èèyàn ń gbà gbọ́."

"Ẹsẹ̀ bàbá mi ní òǹtẹ̀. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń fọ̀ ọ́."

"Mo gbọ́, Ìyá."

"O ò tíì gbọ́. Odò kan ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló..."

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí n ka èyí tán. Tí ìwé bá dé, èmi pẹ̀lú yín la ó jọ gbé e lọ han Bàbá Jìnádù."

Ó gbàgbé pé afọ́jú ni Jìnádù. Ìyá rẹ̀ kò rán an létí. Ó padà sídìí òrí rẹ̀.

Ìgbòho ò jìnnà sí Kìṣí. Ẹni tó bá jẹun àárọ̀ ní Kìṣí á lọ, á bọ̀, kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Ọkùnrin tó dé Kàdúná ni kò ráyè dé Ìgbòho. Nígbà tí ọyẹ́ mú, ìròyìn dé pé Jìnádù ti kú. Ìyá náà kò sunkún lójú ọmọ rẹ̀. Ó kàn ní, "Ó ku èmi."

Lọ́dún kẹta, ní ọ́fíìsì kan ní Èkó, mẹ́sẹ́ńjà arúgbó kan wo ìwé tó wà lọ́wọ́ ọkùnrin yìí. Ó ní, "Ọ̀gá, ìlú wo ni bàbá yín ti wá? Ẹ fi orúkọ ìlú kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe láyé ọjọ́un."

Ọkùnrin náà dì mọ́ ọn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí ojú fi ń ti bàbá náà. Ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ̀ ti sọ lábẹ́ igi náà ni, kò lé, kò dín. Lẹ́nu àlejò ló ti di ọgbọ́n.

Ó kọ lẹ́tà tuntun lọ́jọ́ náà gan-an. Kò wálé wá sọ pé, "Ìyá, ẹ jàre." Ó ní ó di ìgbà tí ìwé bá dé, kí ayọ̀ ìyá òun lè kún lẹ́ẹ̀kan náà. Oṣù márùn-ún ni ìwé fi wà lọ́nà. Láàárín ìgbà náà àsìkò tó tí èso òrí ń já bọ́, ìyá lọ ṣà á nínú oko, òjò pa á, òtútù wọ̀ ọ́ lára. Ọjọ́ kẹsàn-án ló kú. Ọmọ sáré dé. Ó bá ara, kò bá ohùn.

Bí wọ́n ti ń da erùpẹ̀ bò ó, ẹnì kan sọ pé, "Ọmọ Asáfógun náà ti sá lọ mọ́ wa lọ́wọ́." Kò sọ ọ́ ní búburú. Ó ti mọ́ ẹnu rẹ̀ lára ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sin orúkọ náà mọ́ ọn.

Ní ọjọ́ ogójì, tí ilé kún fún èrò, ìwé dé.

Wọ́n ti rí Ládèjọ Kìṣí. Ìwé náà ní ìbọn ń ró láti iwájú, gbogbo ẹgbẹ́ ogun ti padà sẹ́yìn, ó wá ku àwọn mẹ́ta tó gbọgbẹ́ sí òdìkejì odò. Sójà yìí nìkan ló padà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló la odò náà kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹta ló pọn èèyàn bọ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ni ìbọn bà á lẹ́sẹ̀. Ọsibítù ló wà nígbà tí wọ́n ń pín àmì ẹ̀yẹ. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀, kò jẹ́. Àmì ẹ̀yẹ náà ṣì wà lọ́wọ́ wọn lọ́hùn-ún.

Ẹnu ta ni wọ́n ti gbọ́ gbogbo èyí? Ìwé náà kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹnu Jìnádù Ìgbòho ni, ẹni kẹta tó pọ̀n. Ọ̀gá sójà kan ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, bí Jìnádù ṣe ń sọ ọ́ ló ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé tí ọkùnrin yìí fi ọdún mẹ́ta wá kiri, ọ̀rọ̀ ẹnu Jìnádù ni.

Nísàlẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé kí ọmọ bíbí inú sójà náà tó bá wà láàyè tẹ̀ka síbẹ̀, kí wọ́n lè fi àmì ẹ̀yẹ náà ránṣẹ́. Wọn ò dárúkọ ọmọ-ọmọ. Àyè funfun kan wà níbẹ̀, onígun mẹ́rin. Kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ.

Ó kà á lójúde gẹ́gẹ́ bí ó ti ní òun á ṣe.  Nígbà tó kà á tán, Ìyá Sàbítíù dìde lórí àpótí tó jókòó lé. Ó ní, "Ta ni yóò wá tẹ̀ka?" Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ń bèèrè ni.

 Ọkùnrin náà wo àtàǹpàkò tirẹ̀. Ó ká ìwé náà, ó kọjá sí ẹ̀yìnkùlé, ó lọ jókòó sídìí ìkòkò òrí tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọ̀ láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti kú. Wọ́n pè é pé kó wá bá àlejò jẹun. Kò dìde. Àyè funfun yẹn wà bẹ́ẹ̀ dòní.

Ọkọ mi, ẹ má bínú. Ìyàwó ilé ni mí, a kì í kọ́ ọmọ ilé lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n yín tó fẹ́ mi, tó yẹ kó bá yín sọ ọ́, ti kú, ó ku èmi.

Ẹ ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fún ìyá wa. Mo ti dé ibẹ̀, ilé náà dára. Yàrá ìyá wa wà lókè pátápátá, ó ní fèrèsé mẹ́rin. Lójú mi ni ìyá wa ti sọ fún yín lẹ́ẹ̀mejì pé orúnkún òun ò gun àtẹ̀gùn mọ́, pé yàrá kan nísàlẹ̀, níbi tí òun á ti máa kí ẹni tó ń kọjá, ló wu òun. Ẹ ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi, Ìyá. Tí ojú yín bá rí i, inú yín á dùn." Ojú rẹ̀ lè rí i. Ó sì lè máà rí i. Ọdún mélòó lẹ rò pé ó kù?

Ire lẹ ń wá, mo mọ̀. Ọkùnrin yẹn náà, ire ló ń wá. Ẹ lè wá ìkà títí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ ò ní rí i. Ó kàn gbàgbé pé ẹni tí òun ń wá ire fún ní ẹnu ni.

Wọ́n ní bíríkìlà ń bọ̀ wá kọ́ àtẹ̀gùn lọ́jọ́ Ajé. Kó tó dé, ẹ wá sílé. Ẹ má mú ìwé kankan dání. Ẹ jókòó ti ìyá wa, kí ẹ bi í bó ṣe fẹ́ ẹ, kí ẹ wá dákẹ́. Ẹ má já a gbà lẹ́nu rẹ̀. Ó máa ń pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀ tán, pàápàá lówùúrọ̀ tí omi gbígbóná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kan orúnkún rẹ̀. Mo mọ̀. Èmi ni mo ń bá a fọ ẹsẹ̀.