Òkúta Ìbéèrè Ògúnsànyà

Ní ìgbà láéláé, nígbà tí odi amọ̀ ṣì yí ìlú Òkè-Ọ̀gbun ká, olóòlà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ògúnsànyà, ọkùnrin gìrìpá, adádúró lẹ́nu ibodè, ẹni tó dá ọ̀tá dúró fún ọjọ́ méjì nígbà tí àwọn yòókù ti sá wọlé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa kọ ilà sí ojú àwọn ará ìlú, ṣùgbọ́n kò ní fi abẹ kan ẹnikẹ́ni láìbi í pé, "Ṣé kí n kọ ọ́ nílà?" Bí wọ́n bá gbé ọmọ ọwọ́ wá bá a lórí òkúta tó fi ń ṣe ìjókòó, á ní, "Ẹ gbé e lọ. Ẹ mú un padà wá nígbà tó bá lè dá mi lóhùn."

"Baba Olóòlà, àbí kó kọ́kọ́ gbéyàwó ná?" Àwọn ìyá á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì gbé ọmọ wọn lọ sọ́dọ̀ olóòlà mìíràn. Ìlú gba ìwà yìí mọ́ra nítorí ibodè tó dì mú.

Nígbà tó yá, amí ọ̀tá méjì tí kò kọlà wọ ìlú, wọ́n sì dáná sun àká ọkà. Ọlọ́gbun, ọba ìlú, pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò kọ ilà ìlú kí ọjọ́ márùn-ún tó pé. Ẹni tó bá kọ̀, amí ni, pípa ni wọn yóò pa á. Gbogbo wọn gbà, àfi Ìbídùn, amọ̀kòkò tí ogun lé kúrò ní ìlú rẹ̀.

Wọ́n mú un wá sórí òkúta lójú ọba. Ògúnsànyà gbé abẹ sílẹ̀.

"Ìbídùn, ṣé kí n kọ ọ́ nílà?"

"Rárá, Baba. Ojú ìyá mi ni mo gbé wá síbí. Ojú yìí nìkan ni mo rí mú jáde nínú iná."

Ó bi í lẹ́ẹ̀kejì, ó bi í lẹ́ẹ̀kẹta. Rárá náà ni. Ògúnsànyà dọ̀bálẹ̀.

"Kábíyèsí, mo dúró fún ìlú yìí nígbà tí ikú ń wò mí lójú, n kò sì tọrọ ohunkóhun. Ojú kan ṣoṣo ni mo tọrọ lónìí. Ẹ jẹ́ kí obìnrin yìí máa mọ ìkòkò rẹ̀. Bí àwa fúnra wa bá ń fi agbára gba ojú ènìyàn, kí ló kù tí ọ̀tá fẹ́ wá gbà?"

Ọba mi orí. "Ògúnsànyà, a ti ń fara dà á fún ọ tipẹ́. Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ̀rù ń ba ìlú."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún, Ògúnsànyà mú idà, ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà Ìbídùn. Ó rò pé àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba ni yóò wá. Àwọn obìnrin àdúgbò ló rí, àwọn tí Ìbídùn ń bá pọnmi, tó ń bá dáná. Ìyá Fátólú, tó kọ́kọ́ gba Ìbídùn sílé, ló ṣíwájú.

"Baba, ẹ yà fún wa. A ò fẹ́ kí wọ́n pa á ni. Bó bá ti kọlà báyìí, ó di tiwa pátápátá."

Apá tó ti bá ọ̀tá mọ́kànlá jà kò lè gòkè sí àwọn ìyá wọ̀nyí. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó ń gbọ́ igbe láti inú ilé: "Baba! Baba Olóòlà! Mo ní rárá!"

Olóòlà mìíràn ló kọ ọ́, obìnrin mẹ́fà sì dì í mú. Ó ń jà, abẹ sì wọlé jù. Omi ìgbín tí wọ́n fi sí i kò wo ọgbẹ́ náà sàn. Ojú rẹ̀ wú, ibà dé, ó sì kú ní ọjọ́ kẹsàn-án. Àwọn tó dì í mú ló sunkún jù.

Ògúnsànyà ju abẹ rẹ̀ sódò. Ó jókòó sórí òkúta, kò jẹ, kò mu, ó ń fi ìka tọ ilà ojú ara rẹ̀. "Èmi náà," ó ní, "kò sí ẹni tó bi mí léèrè." Ibẹ̀ ló kú sí.

Ìlú ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Wọ́n gbé òkúta náà lọ síwájú ààfin, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pè é. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé wọ́n gbàgbé ìbéèrè rẹ̀, irọ́ ló pa. Láti ìgbà náà, orí òkúta yẹn ni wọ́n ti ń kọlà fún gbogbo ọmọ tuntun. Olóòlà á gbé abẹ sílẹ̀ bí akọni náà ti máa ń ṣe, á wo ọmọ ọwọ́ lójú, á ní, "Ṣé kí n kọ ọ́ nílà?" Gbogbo ẹbí á sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Kọ ọ́!"