Ọtí Àwẹ̀ró Dùn. Èkejì Rẹ̀ Dà?

Bí ọ̀dọ́ kan bá ṣe ohun tó wuyì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó wá ń yan kiri bí ẹni tó ti délé ayọ̀, àwọn àgbà Òkè-Ọkà kì í bá a jà. Wọn a kàn wò ó, wọn a ní, "Ọtí Àwẹ̀ró dùn, èkejì rẹ̀ dà?" Ọ̀rọ̀ yìí máa ń rú àlejò lójú. Ta ni Àwẹ̀ró? Bí ọtí rẹ̀ bá dùn, kí ló dé tí ìyìn fi ń dun ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún? Ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Kì í ṣe ìtàn ẹ̀rín.

Ìyàwó ilé ni Àwẹ̀ró, ilé tí wọ́n ti ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni wọ́n sì gbé e sí. Àṣà ilé náà ni pé bí ìyàwó bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ àgbàdo títí yóò fi hù, bí wọ́n ṣe ń sá a, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́, tí wọ́n ń sè é, ìyá ọkọ rẹ̀ á fa ìkòkò tuntun lé e lọ́wọ́, pé kó pọn ọtí tirẹ̀, irú èyí tí ẹnikẹ́ni kò pọn rí nínú ilé. Ọtí yẹn ni wọn ó máa fi mọ̀ ọ́n títí ayé rẹ̀.

Nígbà tó kan Àwẹ̀ró, ara Ìyá Abọ́lárìnwá, ìyá ọkọ rẹ̀, kò yá. Ó ti dùbúlẹ̀, oúnjẹ kò wọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́, omi pàápàá ń di ìjà. Obìnrin yìí ló sì gba Àwẹ̀ró bí ọmọ nígbà tó wọlé wá láìní ìyá. Ọ̀rọ̀ náà ká ọmọ náà lára gan-an. Ó fẹ́ pọn ohun tí ìyá yóò lè mu, kó má kú mọ́ òun lọ́wọ́.

Ìyáálé rẹ̀, Ìyá Olújìnmí, bá a nídìí ààrò.

"Ìyàwó, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ lásán ni kó o kọ́kọ́ pọn. Tó bá ti dáa, fi ohun kan kún un, kó o tọ́ ọ wò. Ìgbà mìíràn, kó o fi òmíràn kún un."

"Ẹ ṣeun, ìyáálé mi. Ṣùgbọ́n ṣé ìyá tó wà lórí ẹní á dúró de ohun kọ̀ọ̀kan?"

Ìyáálé kò jiyàn. Ó gbọn ìyẹ̀fun ọwọ́ rẹ̀ dànù, ó dìde.

Àwẹ̀ró da ọkà bàbà mọ́ àgbàdo. Ó yan díẹ̀ nínú rẹ̀ títí ó fi pọ́n. Ó bu oyin, ó bu atalẹ̀, ó fọ́ ataare sí i. Ó já ewé kan lẹ́yìn ilé tí òórùn rẹ̀ wù ú, ó sọ ìyẹn náà sínú ìkòkò. Ẹ̀kúnwọ́ ni gbogbo rẹ̀. Kò wọ̀n ọ́n, kò tọ́ ọ wò. Àdúrà ló ń gbà bó ti ń bù ú.

Nígbà tí ọtí náà kan tán, wọ́n bu díẹ̀ fún ìyá. Ó mu ún, ó tún mu ún. Ó ní kí wọ́n gbé òun jókòó.

"Àwẹ̀ró, bu sí i."

Ọ̀rọ̀ náà dé ìta. Ará ilé, ará àdúgbò, kálukú gbé igbá tirẹ̀ wá. Àwẹ̀ró ń bù fún wọn, ó ń rẹ́rìn-ín, kò rántí pé ìkòkò ní ìsàlẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí gbogbo olọ́tí ń fi pamọ́ láti fi mú kí ọtí mìíràn tètè kan, ó dà á fún ewúrẹ́. Ó wá fi eérú fọ ìkòkò náà tónítóní. Nígbà tí Ìyá Olújìnmí rí i, ó káwọ́ lérí.

"Ìyàwó, o dà á nù?"

"Ẹ má ṣe ìyọnu, mà á pọn òmíràn. Ṣebí èmi náà ni mo pọn tàkọ́kọ́."

Ó pọn òmíràn lóòótọ́, ó korò. Ó dín atalẹ̀ kù, ó bù kún oyin, ọtí náà dùn lẹ́nu ṣùgbọ́n ìyá kò lè gbé e mì. Ṣé ọkà tó yan ni? Ṣé ewé ni? Ó lọ sẹ́yìn ilé, ó dúró láàárín ewé, gbogbo wọn jọra lójú rẹ̀, ó sì bú sẹ́kún. Ìyá ti tún dùbúlẹ̀ nígbà yẹn. Ohunkóhun tí wọ́n bá gbé wá, á tọ́ ọ wò, á rọra gbé e sílẹ̀.

Níkẹyìn ó pè é sí ẹ̀gbẹ́ ẹní.

"Èyí tó o pọn lọ́jọ́ yẹn dùn, Àwẹ̀ró. Èkejì rẹ̀ dà?"

Kò fi bú u. Bí ẹni tí òǹgbẹ ń gbẹ ṣe ń béèrè omi ló ṣe béèrè. Kò sì pẹ́ tó fi dákẹ́, igbá ọtí tí kì í ṣe èyí tó fẹ́ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀.

Àwẹ̀ró kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó padà sórí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ lásán. Ó fi ohun kan kún un, ó tọ́ ọ wò. Nígbà tó yá, ó fi òmíràn kún un. Ó di olọ́tí tí wọ́n ń ti ìlú mìíràn wá rí. Ṣùgbọ́n ọtí ìyá, kò rí i pọn mọ́ títí ó fi hu ewú.

Ìgbà tó darúgbó, ìyàwó tuntun kan gbé ọtí àkọ́pọn tirẹ̀ wá, ó ń fọ́nnu pé òun kò tilẹ̀ rántí gbogbo ohun tí òun kó sí i. Àwẹ̀ró mu ún, omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ó dùn, ọmọ mi. Ọtí Àwẹ̀ró náà dùn. Èkejì rẹ̀ dà?"

Ìyàwó rò pé ó ń fi òun ṣẹ̀sín, ó fajú ro. Àwẹ̀ró di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fà á padà sídìí ìkòkò, kí ẹnikẹ́ni tó fọ̀ ọ́.

Nítorí náà, bí àgbà bá wò ọ́ tó ní ọtí Àwẹ̀ró dùn, èkejì rẹ̀ dà, má bínú sí i. Tètè padà sídìí ìkòkò rẹ.