Létí Kànga Ni, àbí Nídìí Ayò?

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta ọdún 1964, kànga wó lu Lámídì agbẹ́kànga ní ìlú Òkè-Osè. Ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ ìlú náà fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí ti ṣẹ̀ wá. Bí ẹnìkan bá sọ lórí fóònù pé òun ti wà lọ́nà, tí wọ́n sì fura pé kò tíì wẹ̀, wọn a bi í pé: "Létí kànga ni, àbí nídìí ayò?" Wọn a sì bú sẹ́rìn-ín. Àlejò a máa wò wọ́n, nítorí kò rí kànga níbẹ̀, kò sì rí ayò. Àwọn àgbà kì í bá wọn rẹ́rìn-ín.

Gbogbo kànga tó wà ní Òkè-Osè nígbà náà, Lámídì ló gbẹ́ wọn, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nílé tirẹ̀. Sàfú ìyàwó rẹ̀ ń rìn ju máìlì kan lọ sódò. Ní oṣù kejì ọdún náà, ó ṣubú ti òun ti ìkòkò omi, oyún oṣù márùn-ún sì wà nínú rẹ̀. Oyún náà kò bàjẹ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn Lámídì. Kò pẹ́ tó fi gbé dìgà, tó sì pe Ṣítù àbúrò rẹ̀.

Ṣítù ni ẹni òkè. Ẹni òkè ló ń fa iyẹ̀pẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ kò lè rí i bí ẹnu kànga bá ń là. Ẹni òkè ló gbọ́dọ̀ rí i, kó sì ké pè é kí ilẹ̀ tó wó. Nítorí náà, bí Lámídì bá ti gbẹ́ díẹ̀, á pè: "Ẹni òkè ńkọ́?" Ṣítù á dáhùn pé: "Mo wà létí kànga." Bí Lámídì kò bá gbọ́ èyí, kò ní gbé dìgà sókè mọ́.

Ọjọ́ kọkànlá iṣẹ́ náà ni ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, wọ́n sì ti gbẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjìdínlọ́gbọ̀n. Àkọ́rọ̀ òjò rọ̀ lánàá rẹ̀, ó rin òkìtì iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n kó jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga gbingbin. Ó yẹ kí Lámídì dúró kí ilẹ̀ gbẹ, ṣùgbọ́n kí òjò náà tó rọ̀ ló ti rí i pé iyẹ̀pẹ̀ ìsàlẹ̀ ń tutù. Omi kò jìnnà mọ́. Ó ní kí Ṣítù máa wo ẹ̀gbẹ́ òkìtì náà dáadáa, pé àwọn á jáwọ́ kí àkókò ìrun Jímọ̀ tó tó. Ó sì wọlẹ̀.

Lábẹ́ igi kaṣú kan, ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí kànga náà, Láṣún télọ̀ gbé ọpọ́n ayò kalẹ̀. Àárọ̀ ló ti ń fi Ṣítù ṣe ẹlẹ́yà, pé òun pa á ní ẹ̀ẹ̀mẹta lánàá, ìdí okùn ló wá sá sí lónìí. Nígbà tó di agogo mẹ́wàá, ẹsẹ̀ ń dun Ṣítù. Ó ní kí òun kàn lọ wo ayò náà lẹ́ẹ̀kan. Ibi tó ti ń wò ó ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti pè. Kó tó rò ó, ó ti dáhùn láti ibẹ̀: "Mo wà létí kànga." Dìgà tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ohùn tó bá ti wọ inú kànga, ẹni tó wà nísàlẹ̀ kì í mọ apá ibi tó ti wá. Ṣítù jókòó.

Bí garawa bá kún, á dìde lọ fà á, á tún padà. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló dáhùn láti ìdí ayò. Ó kà á lẹ́yìn náà, kò sì gbàgbé iye rẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀keje, ọmọ ayò mọ́kànlá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹni òkè ńkọ́?"

"Mo wà létí kànga, ẹ̀gbọ́n."

"Ta á, òpè," ni Láṣún wí.

Ó ta á. Ilẹ̀ mì lábẹ́ wọn. Nígbà tó sáré débẹ̀, òkìtì iyẹ̀pẹ̀ kò sí níbi tó wà mọ́. Ó ti wó wọ inú kànga tòun ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìdajì kànga sì ti dí. Lára ilẹ̀ tó kù, ó rí ibi tó ti là. Ó gùn ju apá ènìyàn lọ, omi òjò sì dúró sínú rẹ̀. Láti àárọ̀ ló ti wà níbẹ̀.

Gbogbo ìlú ló bá wọn gbẹ́ ẹ. Lẹ́yìn ìrun Alásàrí ni wọ́n tó gbé òkú Lámídì jáde. Dìgà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ilé ìdáná ni Sàfú wà láti òwúrọ̀. Ó gbọ́ gbogbo ìpè, ó sì gbọ́ gbogbo ìdáhùn. Kò sunkún lójú èrò. Ó wá síwájú Ṣítù níbi tó jókòó sí nínú ẹrẹ̀, ó kúnlẹ̀ bí aya ilé ṣe ń kúnlẹ̀ fún àbúrò ọkọ, ó ní:

"Ọkọ mi, èyí tí ẹ dáhùn kẹ́yìn yẹn, létí kànga ni, àbí nídìí ayò?"



Láṣún gbọ́ ìbéèrè náà. Kò ta ayò mọ́ láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan bá dáhùn láìgbójú sókè, òun náà a máa béèrè bẹ́ẹ̀. Láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti dé odò, ó dé ọjà, ó sì bọ́ sẹ́nu àwọn tí kò mọ Lámídì. Ẹnu wọn ló ti di ẹ̀rín.

Ìdí nìyí tí ìdáhùn nìkan kì í fi tó ní Òkè-Osè. Wọ́n á béèrè ibi tí ẹni tó dáhùn dúró sí. Létí kànga ni, àbí nídìí ayò? Ọdún mọ́kàndínlógójì ni Ṣítù tún lò láyé, kò sì dá Sàfú lóhùn.

Iyẹ̀pẹ̀ kan náà ni wọ́n fi dí kànga náà. Sàfú padà sí ọ̀nà odò. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Lámídì, ọmọ tí ìyàwó rẹ̀ bí ní oṣù kẹfà kò sì mọ̀ ọ́n.