Èèrà Inú Omi Ọmú Àwẹ̀ró

"Ìfura loògùn àgbà." Ta ni kò gbọ́ ọ rí? Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́, kí sì ni àgbà náà fura sí? Àwọn kan ní ọdẹ ni. Irọ́ ni! Èmi tí ẹ ń wò yìí, ìtàn tí kò bá ti lórúkọ ènìyàn nínú, n kì í gbà á gbọ́. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí lórúkọ.

Ní abúlé Igbó-Àfọ̀n, ìyàwó kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ó bí àkọ́bí rẹ̀, ọkùnrin. Ọmọ náà kò mọ ọmú gbá mú; bó bá já a gbà, á tún tu ú, á sì figbe ta. Kí ọjọ́ kejì tó pé, orí ọmú Àwẹ̀ró ti là, ó ń ṣẹ̀jẹ̀. Omi tó kọ́kọ́ jáde níbẹ̀ ki, ó sì pọ́n bí ìyeyè. Ìyá Ọdẹ́wálé, ìyá ọkọ rẹ̀, tẹjú mọ́ ọn, ara fu ú.

"Omi ọmú wo ló ń pọ́n báyìí? Ọmọ yìí mọ ohun tó ń kọ̀."

Láyé ìgbà náà, bí wọ́n bá fura sí omi ọmú, wọn a fún un sínú igbá, wọn a ju èèrà sí i. Bí èèrà bá rìn jáde, ó dára. Bó bá kú, omi ọmú korò nìyẹn, ọmọ kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Ìyá Ọdẹ́wálé mú èèrà kan jù sí i, ó kú. Ó mú èkejì, ó kú. Ẹ̀kẹta kò tilẹ̀ tapá.

Ìyá ọkọ bú sẹ́kún. Kò kórìíra ìyàwó ọmọ rẹ̀ o. Ẹ̀rù ọmọ ló ń bà á. Ó gba ọmọ, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ rọ ọ́ ní omi lọ́wọ́ọ́wọ́. Ọmú Àwẹ̀ró wú, ó le bí òkúta, ibà sì dé. Gbogbo agbo ilé ń wò ó lójú kọ́rọ́. Kí ló jẹ nígbà tó lóyún? Ta tilẹ̀ mọ ilé tó ti wá? Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹrin, àwùjẹ̀ ọmọ ti jìn wọnú, igbe rẹ̀ kò dé ẹnu ọ̀nà mọ́. Àwẹ̀ró alára wá bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ara rẹ̀.

Ọjọ́ náà ni Ìyá Ẹfúnyẹmí, ìyáálé ilé, ti abà dé. Arúgbó yìí, bí o bá kí i pé ẹ káàárọ̀, yóò kọ́kọ́ wo ojú ọ̀run ná. Wọ́n rò ó fún un.

"Ẹ tún un ṣe, kí n fojú ara mi rí i."

Ìyá Ọdẹ́wálé ju èèrà sínú omi ọmú. Ó kú.

"Ẹ bu omi odò sínú igbá mìíràn. Ìwọ Ìyá Ọdẹ́wálé, mú èèrà sí ìyẹn náà."

Èèrà kú sínú omi odò.

"Ṣé odò náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni?"

Arúgbó na ọwọ́, ó gbá ọwọ́ Ìyá Ọdẹ́wálé mú, ó gbé e símú.

"Áṣáà! Ìka tí o fi ń fín áṣáà símú lo fi ń mú èèrà! Áṣáà ló ń pa wọ́n!"

Ó na ewé sílẹ̀ fún èèrà mìíràn, ó gbọ̀n ọ́n sínú omi ọmú. Èèrà fẹsẹ̀ wọ́ dé etí igbá, ó gùn ún, ó bá tirẹ̀ lọ.

"Èèrà lẹ wá fi ṣe adájọ́ ọmọ ènìyàn? Ẹ gbé ọmọ fún ìyá ẹ̀!"

Ó fi aṣọ gbígbóná tẹ ọmú náà títí ó fi rọ̀, ó wá ti dúdú orí ọmú bọ ọmọ lẹ́nu, kì í ṣe ṣónṣó rẹ̀ nìkan. Àwẹ̀ró pariwo ìrora. Ọmọ gbé mì. Ó tún gbé mì.

Ìyá Ọdẹ́wálé kò wo ọmọ. Ìka ara rẹ̀ ló ń wò.

"Wọ́n ní omi ọmú tèmi náà korò," ó ní. "Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni àkọ́bí mi lò láyé. Ìyá ọkọ mi ló dán an wò. Òun náà ló kọ́ mi ní áṣáà fínfín."

Ìyá Ẹfúnyẹmí jókòó tì í. "Ẹ fura sí omi ọmú, ẹ fura sí ìyá ọmọ, ẹ ò fura sí ọwọ́ tó mú èèrà. Ìfura loògùn àgbà."

Ibẹ̀ ni òwe yìí ti wá. Àwọn àgbà a máa pa á fún ẹni tó bá fẹ́ tètè gba ohun tójú rí gbọ́, pàápàá nígbà tí gbogbo ayé bá ti nàka sí ẹnì kan ṣoṣo: kó tó dá a lẹ́bi, kó kọ́kọ́ gbóòórùn ọwọ́ ara rẹ̀.