Ìkòkò Ọtílíà Kò Gbọ́

Bí àwọn Yorùbá tó ń gbé ní Wisikọ́nsìn, lápá àríwá Amẹ́ríkà, bá fẹ́ fi ẹnì kan lọ́kàn balẹ̀, òwe kan wà tí wọ́n máa ń pa. Wọ́n á ní, “Wọ́n pààrọ̀ orúkọ, ìkòkò kò gbọ́.” Àlejò tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ á máa wò wọ́n lójú. Ìgbà wo ni ìkòkò létí? Ta ló sì pààrọ̀ orúkọ ta? A ò gbé òwe yìí ti ilé wá o. Lẹ́nu àwọn ọmọ Jámánì tó ṣáájú wa débẹ̀ la ti gbọ́ ọ, a sì rí i pé ó bá wa lára mu.

Ìlú kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Gurúntáàlì. Jámánì ni àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó ti wá, ebi àti ìnira ló lé wọn wọ ọkọ̀ ojú omi. Ọtílíà, opó kan tí ẹnu rẹ̀ mú, ọmọ ọmọ wọn ni. Nígbà tí ìyá ìyá rẹ̀ ń bọ̀ láti òkè òkun, ẹrù rẹ̀ tó kù ṣègbé sójú omi, ṣùgbọ́n ó gbá ìkòkò amọ̀ ńlá kan mọ́ra títí ọkọ̀ fi gúnlẹ̀. Inú ìkòkò yìí ni Ọtílíà máa ń rẹ́ kábéèjì sí. Á fi iyọ̀ pò ó, á gbé òkúta lé e lórí, á sì fi í sílẹ̀ kó kan, bí àwa náà ti í fi ògì sílẹ̀ kó kan. Sáókúráótì ni wọ́n ń pè é. Ní èdè wọn, kò ju ẹ̀fọ́ kíkan lọ.

Ọtílíà kì í sọ̀rọ̀ ìrẹ̀lẹ̀ tó bá kan ìkòkò náà. “Kò sí kábéèjì tó wọbẹ̀ tí kì í gbọ́n,” ló máa ń wí. Nígbà tí àwọn tí kì í ṣe ọmọ Jámánì kọ́kọ́ ṣí wá sí ìlú, ńṣe ni wọ́n ń fọwọ́ dímú. Kò pẹ́ tí ọwọ́ fi kúrò nímú, tó di ọwọ́ tó ń na àwo. Ní gbogbo àjọ̀dún ìkórè, ẹni tí àwo rẹ̀ ń ṣáájú ni oníṣòwò pákó kan tó sanra, tó ń jẹ́ Tọ́kà.

Àfi bí Amẹ́ríkà ṣe wọ ogun Kaísà, ọba Jámánì, tó di pé àwọn àti Jámánì dojú ìbọn kọ ara wọn. Ohunkóhun tó bá ti jẹ mọ́ Jámánì wá di ọ̀tá. Ìlú yan ìgbìmọ̀ àwọn tó fẹ́ràn orílẹ̀-èdè, wọ́n sì fi Tọ́kà ṣe olórí. Orúkọ rẹ̀ ni Tọ́kà, iṣẹ́ rẹ̀ náà wá di ìtọ́ka. Ó tọ́ka sí pátákó ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi èdè Jámánì kọ, wọ́n yọ ọ́. Ó tọ́ka sí olùkọ́ tó ń fi Jámánì kọ́ àwọn ọmọdé lórin, wọ́n ní kó máa lọ ilé. Nígbà tí kò rí nǹkan mìíràn tọ́ka sí mọ́, ó kó ìgbìmọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn, ó gba ilé Ọtílíà lọ.

“Ìyáàfin Ọtílíà,” ló wí, “ohun ìjà ọ̀tá ni ìkòkò yìí.”

“Ọ̀gbẹ́ni Tọ́kà, ohun ìjà tó ń yó yín lọ́dọọdún?”

“A ò jẹ oúnjẹ Kaísà mọ́. Lọ́jọ́ àjọ̀dún, níwájú gbogbo ìlú, a máa fọ́ ọ. Ìyàwó mi ló máa ṣe tiwa. Kábéèjì Òmìnira la ó máa pè é.”

“Ṣé kò ní kan ni?”

“Á kan! Ṣùgbọ́n kíkan ti Amẹ́ríkà ni.”

Ọtílíà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi lọ. Nígbà tó ti ilẹ̀kùn tán, ó jókòó ti ìkòkò, ó sì sunkún. Ẹ̀rù bà á gan-an. Nínú gbogbo ohun tí ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyá rẹ̀ fọwọ́ kàn láyé, ìkòkò yìí nìkan ló ṣẹ́ kù.

Ó ku ọ̀la kí àjọ̀dún pé, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé. Hátì, ìyàwó Tọ́kà, ni. Ó gbé garawa tí ó fi aṣọ bò dání. Bó ṣe ṣí i báyìí, òórùn gba gbogbo ilé kan. Kò fi iyọ̀ tó sí i, kò sì gbé nǹkan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kábéèjì Òmìnira ti hu olú.

“Ẹ gbà mí, ìyá,” ni Hátì wí. “Ọkọ mi ti fọ́nnu káàkiri ìlú.”

Inú bí Ọtílíà. “Ẹni tó fẹ́ fọ́ ìkòkò mi ni kí n tún wá bo àṣírí rẹ̀?”

“Mo bẹ̀ ẹ́ kó má fọ́ ọ. Kò gbà.”

Ká ní Ọtílíà lé e jáde ni, kò sẹ́ni tí yóò bá a wí. Ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó wà nínú ìkòkò rẹ̀ ju bí Tọ́kà ti mọ ìwọ̀n pákó lọ. Ó mú ìgbakọ. “Lọ da ìdọ̀tí yẹn nù, kí o fọ garawa náà dáadáa. Má sọ fún un. Ẹnu ọkọ rẹ ni mo fẹ́ kó gbèjà ìkòkò mi.” Ó sì bu gbogbo ohun tó wà nínú ìkòkò fún un, kò ṣẹ́ nǹkan kan kù.

Nígbà tí àwọn ìgbìmọ̀ wá gbé ìkòkò lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó fúyẹ́ lọ́wọ́ wọn. “Ohun inú rẹ̀ dà?” ni Tọ́kà bi í.

“Ó ti lọ síbi tó ń lọ.”

Wọ́n gbé ìkòkò sórí pẹpẹ ní pápá, wọ́n gbé òòlù ńlá kan tì í. Tọ́kà so àsíá Amẹ́ríkà mọ́ ọrùn. Ó di búrẹ́dì tí sọ́séèjì wà láàárín rẹ̀ mú lọ́wọ́ kan, bíà wà lọ́wọ́ kejì, àwọn onífèrè sì ń fun orin tí àwọn bàbá Ọtílíà kó wá. Jámánì ló kó gbogbo ìyẹn wá, ṣùgbọ́n kò tọ́ka sí i. Ó gbé oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó ṣí garawa tí wọ́n kọ KÁBÉÈJÌ ÒMÌNIRA sí lára, ó bu ú sẹ́nu, ó dijú.

“Ẹ wá jẹ ẹ́!” ló kígbe. “Kò sí Jámánì kankan nínú èyí!”

Ó bu òmíràn, ó tún bu òmíràn. Àwọn àgbà tọ́ ọ wò, wọ́n sì ń wo ara wọn. Láti kékeré ni wọ́n ti mọ adùn yẹn, ṣùgbọ́n wọ́n panu mọ́. Ọtílíà sún mọ́ pẹpẹ.

“Ọ̀gbẹ́ni Tọ́kà, ó dùn bí?”

“Ó dùn ju gbogbo èyí tí ẹ ti ń fún wa jẹ látẹ̀yìn wá!”

Ló bá nu ẹnu, ló bá gbé òòlù sókè. Ṣùgbọ́n Hátì ti dìde, ó sì ti dúró gbàgbà síwájú ìkòkò.

“Bàbá Fúránkì,” ló wí fún ọkọ rẹ̀, “ẹ gbé òòlù yẹn sílẹ̀.”

“Kí ló dé?”

“Tẹ́ ẹ bá fọ́ ọ, kí lẹ máa jẹ lọ́dún tó ń bọ̀?”

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, ni ẹ̀rín bá gba pápá. Ojú Tọ́kà pọ́n. Ó ń tọ́ka sí garawa. “Ṣùgbọ́n Kábéèjì Òmìnira ni wọ́n kọ sí i lára!”

“Òótọ́ lẹ sọ,” ni Ọtílíà wí. “Ẹ ti pààrọ̀ orúkọ. Ìkòkò ni kò gbọ́.”

Òòlù bọ́ sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mú un mọ́. Ọtílíà gbé ìkòkò rẹ̀ sáyà, ó gbé e lọ sílé. Ẹnu tí ìgbín fi bú òrìṣà ní í fi lọlẹ̀ lọ bá a: nígbà tí Ọtílíà ṣe òmíràn tán, Tọ́kà gbé àwo dé ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ń tọrọ Òmìnira díẹ̀. Ọtílíà bu ú fún un, ó kàn kọ́kọ́ jẹ́ kó dúró pẹ́ díẹ̀ níta ni.

Ogun parí, ó sì gbé orúkọ Òmìnira lọ. Àwọn ọmọ ọmọ Ọtílíà kò gbọ́ Jámánì mọ́, Gẹ̀ẹ́sì ló kún ẹnu wọn. Síbẹ̀, gbogbo ìlú, ọmọ Jámánì àti ẹni tí kì í ṣe ọmọ Jámánì, àwọn ọmọ ọmọ Tọ́kà náà sì wà níbẹ̀, ló ń jẹ sọ́séèjì wọn nínú búrẹ́dì, tí wọ́n ń gbé igi wọlé ní Kérésìmesì, tí wọ́n ń rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi tí àwọn ará Jámánì kọ́ wọn. Wọ́n rò pé bí Amẹ́ríkà ṣe wà láti ìṣẹ̀dálẹ̀ nìyẹn.

Ọmọ Yorùbá kan, Arinọlá, ti ilé-ìwé dé lọ́jọ́ kan níbẹ̀, inú ń bí i. “Mọ́mì, olùkọ́ ní Ẹ́ríìnì lòun á máa pè mí.”

Ìyá rẹ̀ ń ro ògì lọ́wọ́. Ó bu ú sínú ife, ó gbé e fún un.

“Arinọlá, ọmọ mi, ṣé ó kan?”

Ọmọ náà mu ún, ó fajú ro, ó sì rẹ́rìn-ín. “Ó kan, mà.”

“Ó dáa. Máa mu ún lọ. Wọ́n pààrọ̀ orúkọ, ìkòkò kò gbọ́.”